Gìtá Oníbàdí Sísún: Èdè Tí A Lè Fi Ra Àlòkù

Bí wọ́n bá dárúkọ orin ní Ìlọrin, ìlù ló ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Ìlú orin dadakúàdà ni, ìlú àwọn akọrin rẹ̀ bí Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó. Gìtá náà ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde ìnáwó, ṣùgbọ́n tuntun ti wọ́n jù, àlòkù sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù gbọ́dọ̀ lè fẹnu sọ ohun tó rí lára rẹ̀ kó tó ná an.

Apá kan èdè náà ti wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń da ara rẹ̀ láàmú mọ́ pé àyálò ni gìtá, líìdì àti básì. Ọjà pàápàá ti ya tòkúnbọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹnì kan ti lò gbó níbí. Ìyàtọ̀ yẹn wúlò gan-an, nítorí igi tó ti ilẹ̀ olótùútù wá lè ká nígbà tí ọyẹ́ Ìlọrin bá gbẹ omi ara rẹ̀.

Ibi tí èdè ti há ni irú gìtá oníná tí Fender gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1958, Jazzmaster. Jaguar tẹ̀ lé e ní 1962, Mustang ní 1964. Lára ọ̀pọ̀ gìtá mìíràn, ìbàdí ọ̀tún àti tòsì dojú kọ ara wọn. Lára tiwọn, ọ̀kan sún síwájú, èkejì sún sẹ́yìn, kí gìtá lè bá itan ẹni tó jókòó ta á mu. Kí la ó pe irú èyí? “Aláìdọ́gba” ń bu ọjà kù, bí ẹni pé gbẹ́nàgbẹ́nà ló ṣe àṣìṣe. “Oníbàdí yíyẹ̀” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: eegun tó bá kúrò ní ipò rẹ̀ là ń sọ pé ó yẹ̀, olùrà yóò sì rò pé gìtá náà ti já bọ́ rí. “Oníbàdí sísún” ló dára jù. Ohun tí ojú rí ló sọ, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Orí àti ọrùn kò ṣòro. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn lè máa jẹ́ irin ìdábùú, ọlọ́jà yóò gbọ́ ọ yé bí oníbàárà bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, okùn ti jẹ irin ìdábùú yìí.” Òòfà tí wọ́n wé wáyà mọ́, tó ń sọ ìgbọ̀nrìrì okùn di iná, ni agbohùn, agbohùnsílẹ̀ ti la ọ̀nà fún un. Agbohùn Jazzmaster sábà máa ń kùn, kí olùrà má tètè rò pé ó ti bàjẹ́.

Ohun tó gbé okùn dúró lórí ara gìtá la lè pè ní agbókùnlé. Ẹni tó bá pè é ní afárá ń tọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ni. Kò sẹ́ni tó ń gba orí rẹ̀ sọdá. Ibẹ̀ ni kí ojú ti mú jù, nítorí okùn Jazzmaster àti Jaguar máa ń fò kúrò ní ipò lórí rẹ̀ bí wọ́n bá ta á kíkankíkan.

Èyí tó nira jù ni ọ̀pá tí wọ́n ń tẹ̀ kí okùn lè dẹ̀, kí ohùn sì wálẹ̀. Onídùndún mọ iṣẹ́ yìí: ó ń fún ọsán kí ohùn lè ròkè, ó ń dẹ̀ ẹ́ kó lè rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ọ̀pá náà ní adẹkùn, iṣẹ́ ọdẹ ni etí Yorùbá yóò gbọ́, ẹni tó dẹkùn fún ẹran. Amóhùngbọ̀n kò ní ewu yẹn.

Irú iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣàjèjì ní Ìlọrin. Yunifásítì Ìlọrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ti ṣiṣẹ́, òun ló sì ṣe olóòtú apá kejì ìwé àkójọ ọ̀rọ̀, Èdè-Ìperí Yorùbá, tó jáde ní 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà bójú tó. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn olùkọ́ orin ní yunifásítì yẹn kan náà gbé iṣẹ́ náà dé orí ohun èlò orin oníná. Kí wọ́n pe àwọn onígìtá àti àwọn tó ń tún gìtá ṣe jókòó, kí wọ́n dán agbohùn, agbókùnlé àti amóhùngbọ̀n wò lẹ́nu wọn. Èyí tí wọn kò bá lè fi ná ọjà, kí wọ́n jù ú nù.