Ilé Ìsìn Àwọn Oníṣòwò Aṣọ ní Lọ́ńdọ́nù

Ní Cheapside, ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, ni a gbé bí Thomas Becket, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury tí a pa ní ọdún 1170. Àwọn onísìn kan kọ́ ilé sí ibẹ̀ ní ìrántí rẹ̀, ẹgbẹ́ Mercers, èyíinì ni àwọn tí ń ta ṣẹ́dà àti aṣọ ọ̀gbọ̀, sì jẹ́ alábòójútó wọn. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú irú ilé bẹ́ẹ̀ ká, ẹgbẹ́ náà fi owó ra á, àti ṣọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀.

Ní oṣù September 1666 iná sọ ní ilé oníbúrẹ́dì kan, ó sì jó ilé bí 13,200 run. Ṣọ́ọ̀ṣì náà bá a lọ. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ náà jóná pẹ̀lú, àti ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń gba owó lórí wọn. Síbẹ̀ wọ́n tún ilé ìsìn kọ́. Ní 1941 bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì sun èyí náà. A sì ṣí ẹ̀kẹta ní 1958.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni èyí tí a rí ní 1954. Lábẹ́ ilẹ̀ àwókù náà ni a ti bá ère òkúta Krístì tí a sọ̀kalẹ̀ lórí àgbélébùú, tí a ti gbẹ́ ní nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú. Ó jọ pé ìgbà Àtúnṣe Ìsìn, tí a ń fọ́ ère káàkiri, ni ó dé ibẹ̀. Ṣé ọ̀tá ni ó sọ ọ́ nù, tàbí olùfẹ́ ni ó sin ín? Àwa kò lè dá ẹjọ́ náà. Apá rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n iná méjèèjì rékọjá lórí rẹ̀, ó sì wà ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ náà títí di òní.