Ọlọ́ṣà Tí Kò Fọwọ́ Kan Ẹrù: Ọpẹ́ àti Ẹ̀bùn fún Àwọn Oní-mọ́ọ̀dù

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí le. Àwọn àgbà ì bá fi aláìmoore wé òmùgọ̀ tàbí ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ọlọ́ṣà ni wọ́n fi í wé. Kí ni ó wá jí? Ọwọ́ olóore fúnra rẹ̀ ló fi oore náà lé e lọ́wọ́, nítorí náà a kò lè sọ pé oore ló jí. Orúkọ tí olóore ì bá ní ló kó lọ, àti agbára tí ì bá fi ṣe òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi ń sọ pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.

Lóde òní, mi ò mọ ibi tí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ibi iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe mọ́ọ̀dù. Ilé-iṣẹ́ kan á ṣe géèmù, á tà á. Ẹnì kan tó fẹ́ràn géèmù náà, tí kò sí lára òṣìṣẹ́ wọn, á jókòó lóru nínú ilé rẹ̀, á kọ́ ìlú tuntun sínú rẹ̀, á dá ìtàn mìíràn sílẹ̀, á tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Nígbà tó bá parí, á gbé e síta fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀dù. Òfin kì í sábà gbà á láyè láti tà á, nítorí orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló kọ́lé sí. Ọpẹ́ ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo géèmù Doom, tí ilé-iṣẹ́ id Software ní Texas gbé jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, 1993. Wọ́n ti ṣe géèmù Wolfenstein 3D ní 1992, wọ́n sì rí i pé àwọn ènìyàn ń fi tipátipá tú inú rẹ̀, wọ́n ń tún un tò. Ẹlòmíràn ì bá fi kọ́kọ́rọ́ kún ìlẹ̀kùn. John Carmack, tó kọ ètò tó ń darí géèmù náà, ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ni: ó kó àwòrán, ìró àti gbogbo ilé inú Doom sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní WAD, kí ẹni tó bá fẹ́ lè fi tirẹ̀ rọ́pò. Oṣù méjì kò tíì pé tí Brendon Wyber ní New Zealand fi gbé irinṣẹ́ jáde tí ènìyàn lè fi kọ́ ilé tirẹ̀ sínú Doom. Ní òpin 1997, id Software tú kóòdù ètò náà sílẹ̀ fún aráyé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí àwọn olólùfẹ́ Doom ti ń kọ́lé, wọn kò sì tíì dáwọ́ dúró.

Láti 2004 ni ìkànnì Doomworld, níbi tí àwọn olólùfẹ́ wọ̀nyí ti ń pàdé, ti ń fi ẹ̀bùn Cacowards dá àwọn tó ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín ọdún lọ́lá. Lára orúkọ Cacodemon, ẹbọra pupa roboto olójú kan tó ń fò nínú géèmù náà, ni wọ́n ti yọ orúkọ ẹ̀bùn náà. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ọjọ́ ìbí Doom, ni wọ́n máa ń kéde rẹ̀. Kò sí owó níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbà á á rí àwòrán ẹbọra náà, á sì rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ni mo kà sí ẹ̀bùn gan-an. Ẹnì kan tó ti gbá iṣẹ́ náà ló jókòó kọ ọ́. Á sọ bí wọ́n ṣe to yàrá, ibi tí ẹ̀rù ti bà á, àti iṣẹ́ àtijọ́ tí ẹni náà ti kọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Akígbe kì í sọ pé o ṣe dáadáa kó dákẹ́. Á ka ohun tí o ṣe, ibi tí o ti ṣe é, àti ọmọ ẹni tí o jẹ́. Ẹni tó ń kí ni bẹ́ẹ̀ ti fi hàn pé òun wò, òun sì rí.

Wọ́n tilẹ̀ ní ẹ̀bùn kan fún iṣẹ́ tó pẹ́ jù lọ kó tó jáde. Mordeth ni wọ́n fi sọ ọ́, iṣẹ́ kan tí apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1997 tí a sì dúró de apá kejì títí a kò rí i. Mo fẹ́ràn ẹ̀bùn yìí. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, tí kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, yẹ kí a dìde dúró kí i.

Owó náà máa ń bá iyì rìn nígbà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Epic Games dá ìdíje Make Something Unreal sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn tó ṣe mọ́ọ̀dù Red Orchestra ló gbégbá orókè, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ tiwọn, Tripwire, sílẹ̀. Ní Australia, agbẹjọ́rò ni Nick Pearce nígbà tó ṣe mọ́ọ̀dù The Forgotten City lórí géèmù Skyrim ní 2015, nípa ìlú kan tí gbogbo ará ibẹ̀ á kú bí ẹyọ ẹnì kan bá dẹ́ṣẹ̀. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé eré ilẹ̀ náà fún un ní ẹ̀bùn, bí wọ́n ti ń fún àwọn tó ń kọ fíìmù. Ó fi iṣẹ́ òfin sílẹ̀, ó sì sọ mọ́ọ̀dù rẹ̀ di odidi géèmù tó jáde ní 2021.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kò rọrùn. Ní oṣù Kẹrin 2015, ilé-iṣẹ́ Valve, àti Bethesda tó ni Skyrim, ṣí ọjà fún àwọn oní-mọ́ọ̀dù láti ta iṣẹ́ wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni oníṣẹ́ á mú. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ló ni ìyókù. Ariwo ta, ọjà náà kò sì lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi tì í. Èmi gbà pé ìpín yẹn kò dára. Síbẹ̀, bí àwa tó ń gbá a bá ti ní owó kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, gbèsè ọpẹ́ tó wà lọ́rùn wa ti di ìlọ́po méjì.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí mọ́ọ̀dù kan bá wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ lónìí, lọ wo orúkọ ẹni tó ṣe é. Kọ̀wé sí i. Sọ yàrá tí o fẹ́ràn fún un, sọ alẹ́ tí o kò lè sùn nítorí rẹ̀. Má gbàgbé ẹni tó ṣe irinṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí gbogbo ayé ló ń yin àgbẹ̀ tó kórè, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń béèrè alágbẹ̀dẹ tó rọ ọkọ́.

Ará Finland kan wà tó máa ń kọ́lé sínú Doom, tí gbogbo àwọn olólùfẹ́ géèmù náà mọ̀ sí Espi. Ó kú ní 2009. Ẹ̀bùn Cacowards tí wọ́n ń fún ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sin àwùjọ náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́.