Abẹ́rẹ́ Iṣẹ́ Abẹ Tó Wá Di Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

  

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí oògùn kan tó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbà sára láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí, tàbí fún ọmọ yín tó dá lẹ́sẹ̀, ó lè jẹ́ òun ni wọ́n fi mú yín sùn. Ketamine ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ti ń bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ni abẹ́rẹ́ yẹn ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn? Ṣé a lè rà á?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀, torí inú ìtàn náà ni ìdáhùn wà.

Ní ọdún 1962, Calvin Stevens, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ olóògùn Parke-Davis ní ìlú Detroit, Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣe é. Oògùn kan tó jọ ọ́ ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń da orí aláìsàn rú fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá jí. Wọ́n wá ń wá èyí tí agbára rẹ̀ á tètè lọ. Ní 1964, Dókítà Edward Domino àti Dókítà Guenter Corssen fún ènìyàn ní oògùn náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi dán an wò, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ká má gbàgbé wọn. Àwọn kan nínú wọn ní ńṣe ló dà bíi pé àwọn ń léfòó lójú òfuurufú.

Ní 1970, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, wọ́n sì lò ó fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní Vietnam. Kì í sábà dá èémí dúró, kì í sì í jẹ́ kí ìfúnpá já wálẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò ní ọsibítù tí ẹ̀rọ kò pọ̀ sí, títí kan tiwa níbí.

Ẹ wá wo ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àwọn oògùn rẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ dára, àmọ́ wọ́n máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó ń rò ó láti pa ara rẹ̀ lálẹ́ òní, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jìnnà sí i.

Ní ọdún 2000, àwọn dókítà ní yunifásítì Yale tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn fún aláìsàn méje ní ketamine díẹ̀, tí kò tó èyí tí a fi ń mú ènìyàn sùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọkàn wọn fúyẹ́. Ní 2006, Dókítà Carlos Zarate àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe fún àwọn tí oògùn mìíràn kò ràn lọ́wọ́. Nínú 17 tó gbà á, 12 ti sàn dáadáa ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi pé, mẹ́fà péré ni ara wọn ṣì dá.

Kí ló ń ṣe nínú ọpọlọ? Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní oríta tí wọ́n ti pàdé. Bí ìdààmú bá pẹ́ lára, àwọn oríta yìí lè dín kù, bí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ mọ́ tí koríko sì bò. Ketamine ń dí ilẹ̀kùn kan tí ohun tí wọ́n ń pè ní glutamate máa ń ṣí. Èyí ń mú kí ọpọlọ ta jí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Yale rí i lára eku pé oríta tuntun hù láàárín ọjọ́ kan. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lára ènìyàn.

Ní 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ tí wọ́n ń fín sí imú, esketamine. Wọn kì í gbé e fún aláìsàn lọ sílé. Iwájú oníṣègùn ló ti máa gbà á, wọ́n á ṣọ́ ọ fún wákàtí méjì ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, kí òòyì kọ́ni, kí nǹkan ṣàjèjì lójú ẹni. Ẹni tó bá ń lò ó ní ìlòkulò, ó lè di bárakú fún un, ó sì lè ba àpò ìtọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé: òótọ́ ni pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má rà á ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní in nílé. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí dókítà kọ fún yín, ẹ má dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé inú ọpọlọ, tó jẹ́ ẹ̀yà ara bíi ti kíndìnrín, ni oògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín kò bá wá ìpàdé mọ́, tí kò sùn, tí kò jẹun, ẹ má sọ fún un pé, "Ṣé orí ẹ nìkan ló ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni?" Ẹ lọ bá a nílé. Bó bá ní ikú yá ju ayé òun lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé oògùn kòkòrò kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Arò wà ní Abẹ́òkúta, Yaba wà l'Ékòó, ọsibítù ńlá yín sì lè júwe ibi tó sún mọ́ yín.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kà á fún àwọn ìyá tí kò lè kàwé.