Àwọn Mélòó Ló Jáde?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tìtorí ẹ̀ jáwọ́ nínú wíwo fíìmù Yorùbá. Wíwò ni àwọn fúnra wọn ń pè é, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti bá wọn tún un ṣe. Bí mo bá wà nílé, èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n, tí mo ń sọ ohun tí ojú ń rí fún wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan nínú fíìmù gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọ sí i, kò fèsì, ó kàn dìde ni. Mo ní, "Wọ́n ti dìde o. Wọ́n ti mú ìborùn wọn, wọ́n ti jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àwọn mélòó ló jáde?"

Ìyá àgbà nìkan ni. Ọ̀wọ̀ tí mo bù fún wọn ló sọ wọ́n di èrò.

Iṣẹ́ tí mò ń fẹnu lásán ṣe nínú pálọ̀ yìí, iṣẹ́ tí àwọn kan ń kọ́ ni níbòmíràn. Audio description ni Òyìnbó ń pè é: ohùn kejì tí wọ́n gbà sílẹ̀ mọ́ fíìmù, tó ń sọ ohun tó wà nínú àwòrán nígbà tí àwọn òṣèré bá dákẹ́. Gregory Frazier kọ ìwádìí lé e lórí ní yunifásítì San Francisco State lẹ́yìn ọdún 1970. Ní 1981, Margaret àti Cody Pfanstiehl gbé e dé ilé ìṣeré ní Washington. Ní 1990, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WGBH ti Boston gbé e sórí afẹ́fẹ́. Nígbà tí Netflix gbé Daredevil jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2015, agbẹjọ́rò tí kò ríran ni akọni inú eré náà, síbẹ̀ kò sí ohùn yìí nínú rẹ̀. Àwọn tí kò ríran fi ẹ̀hónú hàn, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi fi í kún un.

Kí ni àwa ó wá máa pè é? Àwọn tó sọ tẹlifíṣọ̀n ní amóhùnmáwòrán kò wo orúkọ tí Òyìnbó fún un rárá. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni wọ́n wò. Bákan náà ni rédíò ṣe di asọ̀rọ̀mágbèsì. Ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ tiwa, ohùn nìkan ni amóhùnmáwòrán ń mú dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán ń dà nù sọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí a ń wá ni ti ẹni tí yóò bá wọn ṣa àwòrán náà.

Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan pè é ní àlàyé. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣàlàyé ń sọ ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ sọ ìdí kankan. Bí ojú bá rí i pé obìnrin náà fajú ro, "ó fajú ro" ni kó sọ. Bó bá sọ pé "inú ń bí i," ó ti bá òǹwòran ronú. Àpèjúwe sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ a tún ń lo àpèjúwe fún òwe àti ìtàn tí a fi ń kọ́ni lọ́gbọ́n, ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Júwe ni mo fẹ́. Àlejò tó bọ́ sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀ tó ń wá Mọ́kọ́lá, a ó júwe ọ̀nà fún un: yà síbí, wo ilé alájà mẹ́ta, kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó júwe kò gbé e lọ. Ẹsẹ̀ àlejò ló rìn ín. Nítorí náà, ohùn ajúwe ni kí á máa pè é. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí tó sọ ọ́ ni ajúwe, ibi tí òṣèré ti dákẹ́ tí ajúwe ń bá wọlé sì ni àlàfo.

Àlàfo yẹn kì í gùn. Nígbà mìíràn, kó tó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, òṣèré ti tún la ẹnu. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí Yorùbá ṣe yẹ iṣẹ́ yìí tó. Bí mo bá ní ó rù ú, ẹ ti mọ̀ pé orí ló wà; ó pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn ni; ó gbé e kọ́, èjìká ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó yíìká: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti sọ bí ara ṣe kanlẹ̀. Ọkùnrin tó kọ àbàjà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ilà ojú rẹ̀ gbà. Àti yínmú! Ohun tí ẹnu àti imú ṣe láìdún rárá, tó sì lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé, ọ̀rọ̀ kan gbé e tán. Ẹ wá fi ti àwọn ọ̀rọ̀ wa tó ń ya àwòrán kún un: aṣọ tó funfun báláú, ojú tó pọ́n wẹ̀ẹ̀, igi tó ga fíofío. Ajúwe tó bá fi wọ́n sílẹ̀, tó ń tẹ̀lé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀, ti sọ irinṣẹ́ rẹ̀ nù.

Ibi tí èdè wa ti le fún ajúwe ni ti "ó" àti "wọ́n". "Ó" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Wọ́n" lè jẹ́ àgbà kan, ó sì lè jẹ́ ogun èèyàn. Mo rò ó títí, n kò fẹ́ kí ajúwe máa pe ọba ní "ó" lójú gbogbo ayé, nítorí etí wa kò ní gbà á. Kó yáa máa dárúkọ: Ìyá àgbà dìde, mú ìborùn, jáde. Ìṣe lè tẹ̀lé ìṣe láìsí "ó" tàbí "wọ́n" láàárín wọn, ọ̀wọ̀ kò sì dínkù.

Ti pé ohùn ajúwe dára tàbí kò dára, ẹ̀gbọ́n mi ní ìwọ̀n tiwọn. Bí ohùn bá ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ òṣèré lẹ́nu, wọ́n á ní ó ń dí àwọn létí. Bó bá dárúkọ ẹni tó fi ìbòjú bojú kí fíìmù tó ṣí i, wọ́n á ní ó ti tú àṣírí. Ohun tó ń bí èmi nínú jù ni àfojúfò. Nínú Aníkúlápó tí Kunle Afolayan ṣe ní 2022, àkàlà ló jí Saro, akọni ìtàn náà, dìde. Ajúwe tó bá pe àkàlà ní ẹyẹ ńlá kan ti gba ìtàn lọ́wọ́ òǹwòran. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ ajúwe, tí kò mọ àmì ohùn: ó fa irun rẹ̀, ìjà ni, ó fá irun rẹ̀, bóyá opó ni.

Àmì tí mo fi ń mọ̀ pé mo júwe dáadáa ni kí ẹ̀rín wa pàdé, kí ẹ̀gbọ́n mi má rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ tí a tún wo ìyá àgbà yẹn, mo ní, "Ìyá àgbà dìde, yínmú, jáde." Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta ni wọ́n yínmú sí?"

Mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá àgbà ti tún ń sọ̀rọ̀, mo sì ní láti dúró de àlàfo.