Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì ni ìtumọ̀ asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí Yorùbá ń pe rédíò. Orúkọ yìí bá àpótí rédíò Rediffusion mu wẹ́kú, èyí tí wáyà rẹ̀ dé Èkó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Lónìí, pọ́díkáàsì, tí akọ̀ròyìn Ben Hammersley fún lórúkọ ní 2004, ni mo rò pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì ju rédíò lọ, nítorí rédíò ti ń gba èsì: bí olóòtú bá ń sọ̀rọ̀ ní iléeṣẹ́ rédíò OSBC ní Òṣogbo, ará Iléṣà lè pè é lórí fóònù, kó sì bá a jiyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni adùn ọ̀rọ̀ tí a kò lè fèsì sí, àwa tí apàlọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé a dáhùn “àlọ̀”? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apàlọ́ kì í dúró de ẹni tó sùn lọ. Pọ́díkáàsì ń dúró: a lè dá a padà síbi tí kò yé wa, a sì lè pa á lẹ́nu mọ́ títí oníbàárà yóò fi lọ. Aláró Òṣogbo tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìkòkò aró kò lè kàwé (ọwọ́ ló dí, etí ò dí), àmọ́ ó lè gbọ́ odindi ìtàn kí aṣọ tó mu aró.