Ìpàtẹ, Olè àti Ìwé-Àṣẹ: Ìtàn Àwọn Tí Ń Dá Ohun-Èlò Titun Sílẹ̀

Bí ènìyàn bá ń wá ìlú tí ó fẹ́ràn ìpàtẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ó lọ sí Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Láti 1969 ni a ti ń pe àwọn onífíìmù Áfíríkà jọ síbẹ̀ fún àfihàn tí a ń pè ní FESPACO. Ní 1988 ni SIAO, ìpàtẹ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di 1995, wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ fún ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ohun-èlò titun, FRSIT ni orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú. Níbẹ̀ ni olùwádìí yunifásítì àti onílàákàyè tí kò ní ọ̀gá kankan lórí ti ń gbé ohun tí wọ́n fi ọpọlọ ara wọn ṣe wá fún aráyé wò.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dúró ti tábìlì rẹ̀ ní irú ibẹ̀ dà bí ti ẹni tí ó gbé adìẹ lọ sí ọjà. Bí kò bá ṣí agbọ̀n, oníbàárà kò ní rí ohun tí ó fẹ́ rà. Bí ó bá sì ṣí i, adìẹ lè fò lọ. Òótọ́ ni pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ṣùgbọ́n èrò ọkàn ènìyàn kì í ṣe iṣu. Bí olè bá jí iṣu gbé, iṣu yóò dín lórí àtẹ, olóko yóò sì fi ariwo ta. Bí olè bá jí èrò gbé, ohun-èlò náà ṣì wà lórí tábìlì bí ó ti wà, ẹni tí ó ni ín sì lè máa rẹ́rìn-ín sí àwọn tí ń wò ó láìmọ̀ pé wọ́n ti jà á lólè. Bí ayé ṣe wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́, nítorí pé a máa ń kọ́ ọmọ ní orúkọ ẹ̀rọ àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ ohun tí ó gbẹ̀yìn onítọ̀hún.

Ìdáhùn àwọn baba wa ni kí a fi ìmọ̀ pamọ́ sínú ẹbí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni í mọ bí a ti ń fẹ́ ẹwìrì tí irin fi ń rọ̀. Ìyá aláró kì í sọ bí ó ti ń sẹ́ eérú fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ tàbí aya ilé. Bákan náà ni ó rí láàárín àwọn Mossi tí wọ́n fi Ouagadougou ṣe ìlú ọba. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Niogsin, tí ó jẹ́ ti àwọn tí ń rọ idẹ láti ìran dé ìran. Wọn a fi ìda oyin mọ ère, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí ipò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ amọ̀, ère kan ṣoṣo ni yóò jáde. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ irú rẹ̀ níláti padà lọ mọ ìda.

Ọgbọ́n kan náà yìí ni àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ fi ṣe àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ifẹ̀ náà ni ó sì fi hàn wá ibi tí ìfipamọ́ ń já sí. Nígbà tí òyìnbó Jámánì kan, Leo Frobenius, rí irú orí bẹ́ẹ̀ ní 1910, kò gbà pé ọwọ́ Yorùbá ni ó ṣe é. Ó ní iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì. Kò sí ìwé tí ó lè já a nírọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀ ti bá ìmọ̀ wọn wọ ilẹ̀ lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará Venice gbà ní 1474. Wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ó bá dá ohun-èlò titun sílẹ̀, tí ó sì fi han ìjọba, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Òwò ni èyí láàárín ìlú àti onílàákàyè: ìwọ sọ àṣírí rẹ, àwa yóò fún ọ ní àkókò láti dá a jẹ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1624, wọ́n sì fún un ní ọdún mẹ́rìnlá. Ìwé-àṣẹ tí a ń rí gbà lábẹ́ irú òfin yìí ni a ń pè ní pátẹ́ǹtì. Májẹ̀mú ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ohun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ titun ní ọjọ́ tí a béèrè fún ìwé náà. Bí gbogbo ayé bá ti rí i ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ titun mọ́, ìbáà ṣe pé ẹni tí ó dá a sílẹ̀ gan-an ni ó fi hàn wọ́n.

Níbi yìí ni ìpàtẹ àti òfin ti forí gbárí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe ìpàtẹ ńlá wọn ní Lọ́ńdọ́nù ní 1851, wọ́n níláti ṣe òfin àkànṣe láti dáàbò bo ohun-èlò tí a óò gbé wá. Ní 1873, ìlú Vienna ní Ọ́sítríà pe gbogbo ayé sí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílàákàyè láti ilẹ̀ òkèèrè kọ̀ láti wá. Wọ́n ní àwọn kò ní gbé ọgbọ́n àwọn lọ fún olè. Ìkọ̀sílẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Paris ní 1883, èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Òfin dáàbò bo èrò. Ó ṣòro kí ó dáàbò bo ènìyàn. Ẹni tí ó jẹ́rìí sí èyí jùlọ ni Garrett Morgan, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, ní 1877. Àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí. Ìwé díẹ̀ ni ó kà kí ó tó lọ wá iṣẹ́, ó sì fìdí kalẹ̀ ní ìlú Cleveland ní 1895, níbi tí ó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Nígbà tí ó ń wá epo tí kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ jó aṣọ onírun, ó ṣàkíyèsí pé epo náà ń na irun aṣọ náà tọ́ọ́rọ́. Ìtàn sọ pé ara ajá aládùúgbò ni ó ti kọ́kọ́ dán an wò kí ó tó fi sí orí ara rẹ̀. Owó ìpara irun yìí ni ó fi ṣe àwọn ohun tí ó tẹ̀lé e.

Èyí tí ó lókìkí nínú wọn ni ìbòrí tí ènìyàn lè wọ̀ wọ inú èéfín. Morgan ti rí i pé nínú ilé tí ń jóná, òkè ni èéfín ń gbà, afẹ́fẹ́ tí ó dára díẹ̀ a sì wà nísàlẹ̀. Ó wá so ọ̀pá rọ́bà gígùn mọ́ ìbòrí náà, tí ó wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó sì fi kàn-ìn-kàn-ìn tútù sí ẹnu rẹ̀ kí ó lè sẹ́ afẹ́fẹ́ náà. Ó gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní 1914. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú ní ayé ìgbà náà? Morgan háyà òyìnbó kan láti máa ṣe bí ẹni tí ó ni ọjà. Òun fúnra rẹ̀ múra bí ọmọ ìbílẹ̀ pupa láti Kánádà, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Big Chief Mason. Ní New Orleans ní 1914, wọ́n pa àgọ́ kan, wọ́n dáná àwọn ohun tí ń rùn burúkú sínú rẹ̀ títí èéfín fi dí i, ni "ìjòyè" náà bá wọ ìbòrí, ó sì wọlé. Ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó sì jáde bí ẹni pé ọgbà òdòdó ni ó ti ń bọ̀. Àwọn tí ń wòran pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ra ọjà. Òyìnbó tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń bá nájà. Èmi kò mọ irú ìpàtẹ tí ó tún korò tó èyí, kí ọlọ́jà máa fi ọjà rẹ̀ hàn, kí ó sì máa fi ojú ara rẹ̀ pamọ́.

Ní July 1916, iná bú gbàù nínú ihò omi-ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbẹ́ sábẹ́ adágún Erie ní Cleveland. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé lọ gbà wọ́n là kò jáde. Wọ́n jí Morgan lóru, ó sì wá pẹ̀lú Frank arákùnrin rẹ̀. Wọ́n wọ ìbòrí náà, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì gbé ènìyàn jáde láàyè. Nígbà tí a pín àmì-ẹ̀yẹ, àwọn ẹlòmíràn ni a fún. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ìròyìn náà tú àṣírí ẹni tí ó ni ìbòrí, àwọn ìlú kan ní gúúsù sì fagi lé ohun tí wọ́n ti ní àwọn yóò rà.

Ní 20 November 1923, Morgan gba pátẹ́ǹtì mìíràn, nọ́ńbà 1,475,024, fún òpó tí ń darí ọkọ̀ ní oríta. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kọ́ àwọn ọmọ pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe iná ojú títì. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó wí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé iná onígáàsì sí ojú títì Lọ́ńdọ́nù ní 1868, Cleveland tirẹ̀ ti ní iná mànàmáná ní 1914, Detroit sì ti ní aláwọ̀ mẹ́ta ní 1920. Òpó Morgan kò tilẹ̀ gbára lé iná. Ọwọ́ ni a fi ń yí i. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ipò kẹta, èyí tí ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró ní ìhà gbogbo, kí ẹni tí ó wà láàárín oríta lè kọjá kí a tó tú àwọn yòókù sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ General Electric ra ẹ̀tọ́ náà. $40,000 ni iye tí a sábà ń dárúkọ. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ìwé-àṣẹ náà so èso fún un. Ó kú ní 1963.

Nílé wa, ìjọba àmúnisìn kò retí pé ọmọ Áfíríkà yóò dá ẹ̀rọ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, láti 1925, pátẹ́ǹtì tí a ti gbà ní Lọ́ńdọ́nù nìkan ni a lè wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín; òfin 1970 ni ó fún wa ní tiwa. Àwọn tí Faransé ṣàkóso yá jù wá lọ. Ní 13 September 1962, orílẹ̀-èdè méjìlá fọwọ́ sí àdéhùn ní Libreville láti ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Upper Volta, tí a wá ń pè ní Burkina Faso láti 1984, wà nínú wọn, Dahomey náà sì wà níbẹ̀. Àdéhùn Bangui ti 1977 ni ó sọ ẹgbẹ́ náà di OAPI, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Yaoundé. Ẹni tí ó bá béèrè lẹ́ẹ̀kan ní Ouagadougou ti béèrè fún gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún tí ó wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Nítorí náà, bí ará Kétu, tí ó wà ní ilẹ̀ Benin, bá gba pátẹ́ǹtì OAPI, ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, ní òdìkejì ẹnubodè, lè ṣe ohun náà kí ó sì tà á láìrú òfin kankan.

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ láàárín wa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú, tí a bí ní 1937. Ní CMS Grammar School ní Èkó, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Macbeth, nítorí bí ó ṣe mọ ọ̀rọ̀ inú eré náà sórí. Ó gba ìwé-ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní Lọ́ńdọ́nù ní 1966, ó sì padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tí Nàìjíríà ń múra láti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, èyí tí a ṣe ní 2 April 1972, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ni kò mọ ohun tí wọn óò fi ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún ṣe. Awójọbí mú Opel tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìdarí náà lọ sí ọwọ́ òsì. Kò dúró níbẹ̀. Ó ra jíìpù kan, ó fi ìdarí kejì sí i tí ó kọjú sẹ́yìn, ó sì tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò tí ó fi lè fi gbogbo jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré sẹ́yìn bí ó ti ń sáré síwájú. Autonov 1 ni ó pè é. Èrò rẹ̀ yé ẹni tí ó bá ti wọ òpópó tóóró rí tí kò sí àyè láti yí padà, pàápàá bí ó bá jẹ́ sójà lójú ogun. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n yà á ní fọ́tò, ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fún títà. Awójọbí kú ní 1984, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ère rẹ̀ wà ní oríta Oníkẹ̀ẹ́ ní Yaba.

Ó jọ ti àwọn ọmọ-ilé-ẹ̀kọ́ méjì ní 2iE, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ouagadougou: Moctar Dembélé, ọmọ Burkina Faso, àti Gérard Niyondiko, ọmọ Burundi. Wọ́n fi ewéko ṣe ọṣẹ tí yóò máa lé ẹ̀fọn, wọ́n sì gbé e lọ sí ìdíje àgbáyé kan ní Berkeley ní 2013. Wọ́n gba ipò kìíní àti $25,000, irú èyí tí ikọ̀ Áfíríkà kankan kò gbà rí níbẹ̀. Gbogbo ayé gbọ́. Ní 2016, wọ́n ṣì ń bẹ aráyé fún owó tí wọn óò fi ṣe àyẹ̀wò ọṣẹ náà dé ìparí.

Àwọn tí ó ṣe òfin ti fi ìwọ̀nba àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá pàtẹ kí ó tó béèrè. Lábẹ́ OAPI, oṣù méjìlá ni. Ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kìkì ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba mọ̀ ní irú bẹ́ẹ̀ ni àyè yìí wà fún. Ìpàtẹ ọdọọdún ti ilé-ẹ̀kọ́ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìbẹ̀wò mi, mo ti rí ọmọbìnrin kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó fi irin kẹ̀kẹ́ àlòkù ṣe ohun-èlò tí ń bó ẹ̀gúsí, ó sì bó o dáadáa. Wọ́n gbé e sí iwájú àlejò, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún un ní ìwé-atúmọ̀-èdè kan. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kejì, inú yàrá ìkẹ́rùsí ni ohun-èlò náà wà, lábẹ́ àwọn àga tí ó ti ṣẹ́.