Abẹ́rẹ́ Kọ́ńpáàsì àti Mítà Ẹlẹ́nu Ẹ̀mú

Ní ọdún tó kọjá, iná sólà ilé wa kì í pẹ́ mọ́ lálẹ́. Oníṣẹ́ iná kan wá, ó fi mítà ẹlẹ́nu bí ẹ̀mú gbá wáyà pánẹ́ẹ̀lì mú. Òdo ni mítà kọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Ó ní pánẹ́ẹ̀lì ti kú. Bàbá mi yáwó ra tuntun. Mítà kan náà tún kọ òdo lórí tuntun! Mítà náà ni kò lè rí irú iná yìí.

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Copenhagen, ní ilẹ̀ Denmark, ní oṣù kẹrin ọdún 1820. Hans Christian Ørsted ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí iná bátìrì ṣe gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí yí, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Iná tó ń ṣàn a máa mú agbára òòfà yí wáyà rẹ̀ ká. Ẹni tó bá wọn òòfà náà ti wọn iná láì gé wáyà.

Ní August 29, 1831, ní London, Michael Faraday wé wáyà méjì mọ́ òrùka irin kan, wọn kò sì kan ara wọn. Nígbà tó so èkíní mọ́ bátìrì, abẹ́rẹ́ tó fi ń ṣọ́ èkejì fò, ó sì padà sáyè rẹ̀. Nígbà tó já a, abẹ́rẹ́ tún fò. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí iná ń ṣàn bákan náà, abẹ́rẹ́ kò mira. Ibẹ̀ gan-an ni owó bàbá mi wọlẹ̀ sí. Irú òrùka yìí ló wà lẹ́nu mítà oníṣẹ́ iná wa. Ó bá iná ìjọba mu, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná pánẹ́ẹ̀lì sólà kì í padà sẹ́yìn.

Ní 1879, Edwin Hall, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 23 ní yunifásítì Johns Hopkins, Amẹ́ríkà, fi iná sínú wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì gbé e sáàárín òòfà. Agbára iná kékeré yọ ní ẹ̀gbẹ́ wúrà náà. Ọgbọ́n yìí ń rí iná tó ń yí àti èyí tí kò yí.

Irin ní àléébù mìíràn: bí iná bá pọ̀ jù, irin a yó, kò ní lè gba òòfà mọ́, mítà a sì purọ́. Walter Rogowski àti Steinhaus ní Jámánì, ní 1912, ṣàlàyé wáyà wíwé tí kò ní irin nínú rárá. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà kì í fa iná geere. Ṣe ni wọ́n ń bù ú jẹ, èyí sì ń mú wáyà àti tiransifọ́mà gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìgbì iná ìjọba ṣe fọ́, wáyà Rogowski dára fún un, nítorí kì í yó. Ṣùgbọ́n kò lè rí iná sólà náà.

Mítà onírú ti Hall ni oníṣẹ́ iná kejì gbé wá. Ó gbá wáyà pánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ mú, nọ́ńbà sì yọ. Ó yẹ ìdí bátìrì wò: nọ́ọ̀tì kan ló tú.